Nígbà Tí Òkúta Bá Ba Ara Mọ́tò Jẹ́

Òkúta tí táyà típà ta jáde lójú ọ̀nà lè họ ọ̀dà ara mọ́tò, ó sì lè tẹ irin rẹ̀ wọnú. Èyí tó léwu jù ni kí irin yọ síta. Omi àti afẹ́fẹ́ yóò mú un dípẹtà, ìpẹtà náà yóò sì máa jẹ lọ lábẹ́ ọ̀dà tó kù títí yóò fi di ihò.

Bí irin kò bá tẹ̀, wọ́n á fọ ojú ibẹ̀, wọ́n á fi sáńpépà ha ìpẹtà kúrò pátápátá, wọ́n á kun práímà kí wọ́n tó kun ọ̀dà. Nọ́ńbà àwọ̀ mọ́tò sábà máa ń wà lára férémù ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀. Bí irin bá tẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ panẹbítà. Èyí tó mọṣẹ́ yóò fi òòlù lu irin padà láti inú, fílà (filler) díẹ̀ ni yóò fi tẹ́ ojú rẹ̀. Fílà tí wọ́n dì bàmùbàmù sínú kòtò kì í pẹ́ là.

Ní ti owó àtúnṣe, inṣọ́ránsì third party ni òfin sọ di dandan ní Nàìjíríà. 15,000 náírà ni owó rẹ̀ lọ́dún fún mọ́tò aládàáni láti ọdún 2023. Ẹlòmíràn àti ohun ìní rẹ̀ ló wà fún, kì í san kọ́bọ̀ lórí mọ́tò ẹni tó rà á. Inṣọ́ránsì comprehensive ló lè tún ara mọ́tò ẹni ṣe, ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ sábà máa ń dárúkọ iye tí onímọ́tò yóò kọ́kọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ san. Bí owó àtúnṣe kò bá ju iye náà lọ, kò sí ohun tí ó fẹ́ gbà. Bí ó bá fi díẹ̀ jù ú, tí onímọ́tò sì béèrè owó náà, ẹ̀dínwó tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tí kò béèrè owó lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ìbàjẹ́ bá pọ̀, kí ó ya fọ́tò, kí ó sì sọ fún ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì kí panẹbítà tó fọwọ́ kàn án.