Agbára àti Okun: Ọ̀rọ̀-ìperí fún Fíríìjì tí a So mọ́ Bátìrì

Ní òpópónà Arakalẹ̀ ní Àkúrẹ́, bí iná bá lọ, ẹni tí ń ta omi tútù tàbí ẹja ní láti wá ọ̀nà mìíràn. Bí ó bá fẹ́ fi bátìrì dípò jẹnẹrétọ̀, ìbéèrè rẹ̀ ni pé, ‘Ṣé ó lágbára?’ Òǹtajà a ní ó lágbára. Kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú wọn, síbẹ̀ wọn kò sọ ohun kan náà. Ẹja ni yóò sì bàjẹ́.

Ohun méjì ni a ń pè ní agbára. Èkínní ni bí iná ṣe ń yára ṣiṣẹ́ tó, èyí tí a ń fi wáàtì wọ̀n. Èkejì ni àpapọ̀ iṣẹ́ tí bátìrì lè ṣe kí ó tó tán, èyí tí a ń fi wáàtì-wákàtí wọ̀n. A dábàá pé kí a fi agbára sílẹ̀ fún ti èkínní, kí a sì pe èkejì ní okun. Ẹni tí ó gbé àpò sìmẹ́ńtì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lágbára. Ẹni tí ó gbé e láti òwúrọ̀ di alẹ́ ni ó lókun. (Kí òǹtẹ̀wé má ṣe sọ ọ́ di okùn, nítorí wáyà náà wà níbẹ̀.)

Ẹ jẹ́ kí a dán an wò. Bátìrì fóòtì 12 tí a kọ áńpíà-wákàtí 100 sí lára ní okun wáàtì-wákàtí 1,200. Bí ó bá jẹ́ ti òjé àti ásíìdì, kò yẹ kí a lò ju ìdajì rẹ̀ lọ, kí ó má baà tètè kú. Ó ku 600. Bí fíríìjì kékeré bá ń gba wáàtì 60 nígbà tí kọ́ńpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ ń dún, tí ó sì ń sinmi fún ìdajì àkókò, wáàtì 30 ni ìpíndọ́gba. Yóò ṣiṣẹ́ fún wákàtí 20.

Ṣùgbọ́n iná bátìrì ń ṣàn sí ọ̀nà kan ṣoṣo, fíríìjì ilé sì ń fẹ́ iná alọ-bọ̀ ti fóòtì 230. Ẹ̀rọ tí ń ṣe ìyípadà yìí ni a ń pè ní ínfátà. À bá pè é ní apanádà, bí kò ṣe pé panápaná ni etí yóò kọ́kọ́ gbọ́. Ayínápadà ni a yàn. Bí ó bá sọ ìdá 15 nínú 100 okun náà di ooru, wákàtí 17 ni yóò kù. Nínú ọkọ̀-ilé tí àwọn arìnrìn-àjò ń sùn sí ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, a sábà máa ń so fíríìjì fóòtì 12 mọ́ bátìrì tààrà láti yẹra fún òfò yìí.

Agbára náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Bí kọ́ńpúrẹ́sọ̀ bá ń ta kìjí, fún ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀, ó lè gba ìlọ́po mélòó kan wáàtì 60 náà. Ayínápadà tí agbára rẹ̀ kò tó yóò pa ara rẹ̀, bí okun bátìrì tilẹ̀ kún dẹ́nu.