Kí Ọmọ Wa Tó Lọ Kọ́ Ìṣirò Owó: Iye Tí Yóò Ná Wa, Iṣẹ́ Tó Wà Níbẹ̀ àti Owó Tó Ń Wọlé

Bí èsì ìdánwò WAEC àti ti JAMB bá ti jáde, ọ̀rọ̀ kan náà ni a máa ń gbọ́ nílé, lọ́jà Odò-Orí àti lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ní Ìwó: kí ni ọmọ yóò lọ kà? Ìṣirò owó àti ètò ìnáwó wà lára ohun tí ẹnu máa ń kàn. Àwọn òbí kan fẹ́ ẹ nítorí pé wọ́n ń rí òṣìṣẹ́ báńkì tó de táì mọ́rùn. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù rẹ̀, wọ́n ní ṣé kì í ṣe iṣẹ́ èlé ni wọ́n fẹ́ rán ọmọ lọ kọ́ yìí?

Ọ̀rọ̀ méjèèjì ló yẹ ká gbé yẹ̀ wò. Ohun kan ni a sì fẹ́ kí gbogbo òbí mú kúrò níbí: orúkọ ilé ìwé nìkan kọ́ ló ń sọ iye tí akáńtáǹtì yóò máa gbà. Ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ tó bá gbà lẹ́yìn yunifásítì tàbí pólì ló ń gbé e ga. Òbí tó bá kó gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ sórí ilé ìwé, tí kò ṣẹ́ nǹkan kan kù fún ohun tó kẹ́yìn, dà bí ẹni tó kọ́ ilé dé òkè tí kò rówó ra páànù.

Ibo ni ọmọ ti lè kà á nítòsí wa?

Ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní ni yunifásítì, tí ẹ̀kọ́ ìṣirò owó ń gba ọdún 4 níbẹ̀. Èkejì ni pólì: ọdún 2 fún ND, nǹkan bí ọdún 1 tí ọmọ yóò fi lọ ṣiṣẹ́ níta kó lè mọ iṣẹ́ lọ́wọ́, lẹ́yìn náà ọdún 2 fún HND.

Ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. UNIOSUN jẹ́ ti ìpínlẹ̀ wa, Òkukù ni wọ́n sì fi ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìṣàkóso rẹ̀ sí. Pólì ìjọba àpapọ̀ wà ní Ẹdẹ láti 1992, pólì ti ìpínlẹ̀ sì wà ní Ìréè. Ní ti aládàáni, Yunifásítì Bowen tí ìjọ Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀ wà ní Ìwó níbí, Yunifásítì Fountain tí ẹgbẹ́ NASFAT dá sílẹ̀ sì wà ní Òṣogbo.

Kí ọmọ tó lè wọ yunifásítì, ó gbọ́dọ̀ ní àmì-ìyege ìpele krẹ́díìtì nínú iṣẹ́ 5, tí Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò àti ọrọ̀ ajé sì gbọ́dọ̀ wà nínú wọn. Nínú ìdánwò JAMB, yóò ṣe Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, ọrọ̀ ajé àti iṣẹ́ kan sí i. Ọmọ tí Ìṣirò bá ń yọ lẹ́nu ní kíláàsì SS1, ìgbà yẹn ni kí a wá olùkọ́ fún un, kì í ṣe ìgbà tí ìdánwò bá ku oṣù kan.

Iye tí yóò ná wa

Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ kì í gba owó ìkẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń wá oyè àkọ́kọ́, àmọ́ ó máa ń gba owó ìforúkọsílẹ̀, owó ìdánwò, owó ilé ìgbé àti àwọn owó mìíràn. Ilé ìwé ìpínlẹ̀ máa ń gba jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti aládàáni ló wọ́n jù, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń fẹ́ kí ọmọ gbé inú ọgbà, tí owó ilé àti oúnjẹ yóò fi kún un. Owó yìí ń yí padà lọ́dọọdún. Ìkànnì ilé ìwé fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ti wò ó, ẹ má gbà á lẹ́nu ẹni tó ní òun lè bá yín gba àyè.

Ẹ mú ìwé àti bírò, kí ẹ kọ ohun tí ọmọ yóò ná láti ọjọ́ tó wọlé títí di ọjọ́ tó máa rí iṣẹ́: owó ilé ìwé, ilé ìgbé, oúnjẹ, ọkọ̀ wálé lọ, ìwé, kọ̀ǹpútà alágbèéká, oṣù tí yóò fi ṣiṣẹ́ níta láìgba nǹkan kan, iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá, lẹ́yìn náà owó ìdánwò ICAN tàbí ANAN. Ohun tó ń já òbí kulẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ wa ń ṣírò ọdún àkọ́kọ́ nìkan. Nígbà tó bá di ọdún kẹta, ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í di títà.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní ₦3,000,000 ni ẹ ná lórí ọmọ títí tó fi jáde, iṣẹ́ tó sì kọ́kọ́ rí jẹ́ ₦100,000 lóṣù. Odidi oṣù 30 ni yóò fi kó iye yẹn jọ, bí kò bá jẹun, tí kò sì wọ mọ́tò. Bó bá jẹ́ ₦1,000,000 ni ẹ ná, oṣù 10 ni. Owó oṣù kan náà ni, àmọ́ gbèsè tó wà lọ́rùn ilé kò dọ́gba.

Ẹ̀yáwó tí kò ní èlé

Ọ̀pọ̀ òbí Mùsùlùmí ló ń sá fún ẹ̀yáwó nítorí ríbà, wọ́n sì ṣe dáadáa. Àmọ́ ọ̀kan wà tó yẹ kí wọ́n mọ̀. Ní oṣù kẹrin 2024 ni Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́, àjọ NELFUND ló sì ń bójú tó o. Ẹ̀yáwó náà kò ní èlé. Àjọ náà máa ń san owó ilé ìwé tààrà fún ilé ìwé, akẹ́kọ̀ọ́ sì tún lè béèrè ₦20,000 lóṣù fún ìgbáyégbádùn rẹ̀. Orí ìkànnì ni wọ́n ti ń béèrè fún un, nọ́ńbà JAMB, NIN, BVN àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni wọn yóò sì béèrè. Wọn kò béèrè onídùúró.

Ọdún 2 lẹ́yìn tí ọmọ bá parí ètò àgùnbánirọ̀ ni ìsanpadà yóò bẹ̀rẹ̀, bó bá ti ríṣẹ́. Ìdá 10 nínú 100 owó oṣù rẹ̀ ni agbanisíṣẹ́ yóò máa yọ. Bó bá ń gba ₦150,000, ₦15,000 ni wọn yóò yọ.

Ohun méjì kò gbọ́dọ̀ ṣókùnkùn sí wa. Àkọ́kọ́, ilé ìwé ìjọba nìkan ni ètò yìí wà fún. Ọmọ tó wà ní Ẹdẹ, Òkukù tàbí Ifẹ̀ lè béèrè fún un, èyí tó wà ní ilé ìwé aládàáni kò lè béèrè. Èkejì, gbèsè ni gbèsè ń jẹ́. Pé kò ní èlé kò sọ ọ́ di ẹ̀bùn. Kí ọmọ gbà á pẹ̀lú àníyàn pé òun yóò san án.

Ìwé ẹ̀rí tó ń gbé akáńtáǹtì ga

Ẹgbẹ́ méjì ni òfin Nàìjíríà mọ̀ fún àwọn oníṣirò owó. Òfin 1965 ló dá ICAN sílẹ̀. Olóògbé Akintola Williams, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di akáńtáǹtì àgbà, tó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní 1949, ni ààrẹ àkọ́kọ́ rẹ̀. ANAN ni èkejì, tí òfin 1993 fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ó ní ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ní Kwall, nítòsí Jos, tí ẹni tó ti ní oyè tàbí HND ti ń gba ẹ̀kọ́ sí i.

Ìpele 3 ni ìdánwò ICAN. Ẹni tó ti kẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò owó nílé ìwé tí ICAN fọwọ́ sí lè béèrè kí wọ́n fo àwọn iṣẹ́ kan fún un, àmọ́ yóò san owó lórí rẹ̀. Lẹ́yìn ìdánwò, ó gbọ́dọ̀ ní ìrírí iṣẹ́ kí wọ́n tó gbà á wọ ẹgbẹ́. Ìdí nìyí tí ọmọ fi lè máa ṣiṣẹ́ kó máa ṣe ìdánwò náà ní díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀nà kan tún wà tí àwọn tí owó kò tó lọ́wọ́ kì í sábà gbọ́ nípa rẹ̀: ATSWA. Ọmọ tó ti ní WAEC tó dára lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ ICAN láìtíì wọ yunifásítì, kó máa bá ẹnì kan ṣiṣẹ́, kó sì ti ibẹ̀ gòkè lọ sínú ìdánwò ICAN gan-an. Ọ̀nà náà gùn, àmọ́ kò ní kí òbí ta ilé.

Owó tó ń wọlé

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Owó ìbẹ̀rẹ̀ kì í pọ̀. Àgùnbánirọ̀ ń gba ₦77,000 lóṣù. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin 2024 là sílẹ̀ jẹ́ ₦70,000, òfin náà kò sì de ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25. Èyí túmọ̀ sí pé ilé ìtajà kékeré, ilé ìwé aládàáni kékeré tàbí ilé epo kan lè gba ọmọ yín síṣẹ́ kó sì san iye tó kéré sí bẹ́ẹ̀.

Nínú iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ipele 8 ni ẹni tó ní oyè yunifásítì máa ń bẹ̀rẹ̀, ipele 7 sì ni ti HND. Ẹ ro ìyẹn mọ́ ọn kí ẹ tó yan ọ̀nà, àmọ́ ẹ tún rántí pé ẹni tó ní HND pẹ̀lú ICAN lè rí iṣẹ́ tí ẹni tó ní oyè lásán kò ní rí.

Kí ló wá ń mú owó gòkè? Ìwé ẹ̀rí ICAN tàbí ANAN, mímọ Excel dáadáa, mímọ ìlànà ìṣirò àgbáyé tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2012, àti ìmọ̀ owó orí. Èyí tó kẹ́yìn yìí ṣe pàtàkì lásìkò yìí. Àwọn òfin owó orí tuntun tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà 2025 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní 2026. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò ju ₦800,000 lọ kò ní san owó orí lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni oníṣòwò ṣe máa fi hàn pé òun kò ju bẹ́ẹ̀ lọ bí kò bá ní ìwé? Oníkòkó, alápò ìrẹsì, oníṣègùn òyìnbó, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, gbogbo wọn ló nílò ẹni tó mọ ìwé kọ. Ọmọ tó bá mọ iṣẹ́ yìí lè jókòó sí Ìwó kó máa bá èèyàn 10 ṣe ìwé wọn, kí kálukú máa san díẹ̀ fún un lóṣù.

Ṣé kì í ṣe iṣẹ́ ríbà?

Kíkọ ìwé owó fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kódà, aayah tó gùn jù nínú Kùránì Alápọ̀n-ọ́nlé, èyí tó jẹ́ 282 nínú Súrátùl-Bàkárà, dá lórí kíkọ gbèsè sílẹ̀ lọ́nà tó tọ́. Àmọ́ hádíìsì tí Jábìr gbà wá, tó wà nínú ìwé Sahih Muslim, ka ẹni tó ń kọ ríbà sílẹ̀ mọ́ àwọn tí ègún bá lórí rẹ̀. Nítorí náà, ibi tí ọmọ yóò ti lo ìmọ̀ rẹ̀ ni ìbéèrè wà. Bí iṣẹ́ báńkì elélèé bá wá sọ́nà, kí òbí àti ọmọ lọ bá àáfà tó ní ìmọ̀ jókòó kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé.

Báńkì kọ́ ni gbogbo iṣẹ́ akáńtáǹtì. Ó wà ní ilé ìwòsàn, ilé ìwé, ilé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe nǹkan jáde, àjọ Háàjì àti àjọ sàká. Báńkì tí kì í gba èlé náà ti pọ̀ sí i: Jaiz bẹ̀rẹ̀ ní 2012, TAJBank ní 2019, Lotus ní 2021.

Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tiẹ̀ ti ṣáájú nínú èyí. Ní 2013, lásìkò Gómìnà Aregbesola, ìpínlẹ̀ wa gba ₦10 bílíọ̀nù nípasẹ̀ súkúùkù láti kọ́ ilé ìwé, òun sì ni ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tó ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú súkúùkù yìí, àwọn tó kó owó sílẹ̀ ní ìpín nínú ohun tí a kọ́, owó ìyálo ni wọ́n sì ń gbà dípò èlé. Ní 2017, ìjọba àpapọ̀ tẹ̀ lé e pẹ̀lú ₦100 bílíọ̀nù fún ọ̀nà. Ẹni tó mọ ìṣirò owó tó sì mọ òfin Ṣàríà ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nílò, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò sì tíì pọ̀. Ọmọ tó ti ilé kéú kọjá, tó tún ní ICAN, lè gba ìwé ẹ̀rí àjọ AAOIFI ti Bahrain kún un.

Ohun tí a lè ṣe nísinsìnyí

Kí bàbá, ìyá àti ọmọ jókòó papọ̀. Kí wọ́n kọ iye owó ilé ìwé mẹ́ta sílẹ̀, ọ̀kan ti ìjọba àpapọ̀, ọ̀kan ti ìpínlẹ̀, ọ̀kan ti aládàáni, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Kí wọ́n fi owó ìdánwò iṣẹ́ kún un. Kí wọ́n wo èyí tí wọ́n lè ṣe láìwọ gbèsè elélèé. Bó bá jẹ́ pólì ni agbára mọ, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Kí wọ́n sì wá akáńtáǹtì kan ládùúgbò tàbí ní mọ́ṣáláṣí, kí ọmọ lọ wo bí iṣẹ́ náà ṣe rí fún ọ̀sẹ̀ kan kó tó yàn án.

Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí ohun tí a ná lórí àwọn ọmọ wa, kó sì fi hàláàlì bọ́ wọn. Àmín.