Ọmọ gba abẹ́rẹ́ pé nílé, wọ́n ní kò pé ní Amẹ́ríkà: ohun tí nọ́ọ̀sì ilé ìwé ń wò lára káàdì

Nínú oṣù kẹjọ, tí ilé ìwé bá ti fẹ́ wọlé ní Amẹ́ríkà, ìwé ló máa ń kún orí tábìlì nọ́ọ̀sì ilé ìwé. Èyí tí dókítà tẹ̀ jáde wà níbẹ̀, fọ́tò tí ìyá kan fi fóònù yà wà níbẹ̀, káàdì láti Èkó tàbí Ìbàdàn tí omi ti kán sí náà wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ilé ìwòsàn wá síbi iṣẹ́ yìí lè rò pé inú rírun àti orúnkún bíbó lòun wá tọ́jú. Yóò tọ́jú wọn lóòótọ́. Àmọ́ iṣẹ́ tó máa gba ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ni kíka ọjọ́: ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ, ọjọ́ tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára kọ̀ọ̀kan, iye ọjọ́ tó wà láàárín wọn. Lọ́pọ̀ ilé ìwé, òun kọ́ ló ń gún ọmọ lábẹ́rẹ́. Òun ló ń yẹ ẹ̀rí wò.

Ọ̀pọ̀ òbí Yorùbá tó kó lọ síbẹ̀ ti bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé. Wọ́n á gbé káàdì tó kún bámúbámú kalẹ̀, wọ́n á sì gbọ́ pé ó kù. Inú á bí wọn, wọ́n á ní torí pé Nàìjíríà làwọn ti wá ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. CDC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà, gba abẹ́rẹ́ tí ọmọ gbà nílẹ̀ òkèèrè, bí ó bá ṣáà wà lákọsílẹ̀, tí ọjọ́ wà lára rẹ̀, tí ọjọ́ orí ọmọ àti àlàfo àárín abẹ́rẹ́ sì bá ìlànà wọn mu. Ibi ọjọ́ orí yìí gan-an ni ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo èéyi. Ní Nàìjíríà, ọmọ oṣù 9 ni wọ́n ń fún ní àkọ́kọ́, ìkejì sì di oṣù 15. Ní Amẹ́ríkà, èyí tí ọmọ bá gbà kó tó pé oṣù 12 kò sí nínú kíkà, àfi bó bá jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́rin tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ ló kù kó pé ọdún. Ìdí wà fún ti ọ̀dọ̀ wọn, ìdí sì wà fún tiwa. Ìyá tí ara rẹ̀ ti mọ èéyi máa ń fi ààbò díẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ kó tó bí i, ààbò yẹn sì lè pa agbára abẹ́rẹ́ kí ara ọmọ tó kọ́ bí òun náà á ṣe jà. Bí oṣù ṣe ń gorí oṣù, ohun tí ìyá fún ọmọ ń tán lọ. Ilẹ̀ tí èéyi kò ti wọ́pọ̀ lè dúró títí ọmọ á fi pé ọdún kan. Ilẹ̀ tí èéyi ti ń pa ọmọ ọwọ́ kò lè dúró. Nítorí náà abẹ́rẹ́ oṣù 9 yẹn kò ṣòfò, ó ti ṣe iṣẹ́ tó wá ṣe. Ohun mìíràn ni pé MMR tí ilé ìwé Amẹ́ríkà ń béèrè kó èéyi, ṣẹ́gẹdẹ àti rubella pọ̀, nígbà tó jẹ́ pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ti èéyi nìkan ni ilé ìwòsàn ìjọba wa ń fún ọmọ.

Ti rọpárọsẹ̀ tún ta kókó ju èyí lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2016, gbogbo ilẹ̀ tó ń lo oògùn kíkán sẹ́nu ló pa á dà: èyí tó ń dènà oríṣi kòkòrò rọpárọsẹ̀ mẹ́ta tẹ́lẹ̀ di èyí tó ń dènà méjì. Amẹ́ríkà fẹ́ ààbò lọ́wọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nítorí náà, kíkán tí ọmọ gbà láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2016 kì í wọ àkọsílẹ̀ wọn. Èyí tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un ni wọ́n ń kà. Nọ́ọ̀sì tí kò mọ èyí lè rí ẹ̀ẹ̀mẹrin lórí káàdì, kó sì fi ọmọ náà sílẹ̀ láìní ààbò tó pé.

Jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ oríṣi B ńkọ́? Tiwa ń parí ní ọ̀sẹ̀ 14, wọ́n sì fẹ́ kí èyí tó kẹ́yìn má ṣáájú ọ̀sẹ̀ 24. Chickenpox kò sí nínú àtẹ ìjọba wa rárá, ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sì ń béèrè rẹ̀.

Àṣìṣe tó ń dùn mí jù ni ti bí a ṣe ń kọ ọjọ́, nítorí kò yẹ kó ṣẹlẹ̀ rárá. Ẹ jẹ́ ká ní wọ́n bí ọmọ kan ní ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, ó sì gba MMR ní ilé ìwòsàn aládàáni kan. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ kọ ọ́ báyìí: 08/10/2021. Lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹwàá nìyẹn, ọmọ ti lé ní ọdún kan, abẹ́rẹ́ náà pé. Ní Amẹ́ríkà, oṣù ló ń ṣáájú ọjọ́. Wọ́n á kà á sí ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ, ọmọ kò tíì pé oṣù 11, wọ́n á sì fagi lé e. Nọ́ọ̀sì tó gbọ́n á bi òbí léèrè kó tó kọ ohunkóhun sínú kọ̀ǹpútà.

Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe òfin tirẹ̀ lórí abẹ́rẹ́ ilé ìwé. Láti ọdún 1922 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí irú òfin bẹ́ẹ̀, nínú ẹjọ́ Zucht v. King tó wá láti San Antonio. Síbẹ̀, a kò dá nọ́ọ̀sì ilé ìwé sílẹ̀ láti máa lé ọmọ. Ní New York ní ọdún 1902, àwọn dókítà ń dá ọmọ padà sílé nítorí làpálàpá, iná orí àti àrùn ojú, kò sì sẹ́ni tó ń tọ́jú wọn. Lillian Wald, tó jẹ́ olórí àwọn nọ́ọ̀sì kan níbẹ̀, yọ̀ǹda nọ́ọ̀sì rẹ̀ kan, Lina Rogers, fún ilé ìwé mẹ́rin. Ó tọ́jú àwọn ọmọ, ó bá àwọn òbí délé. Láàárín ọdún kan, iye ọmọ tí wọ́n ń lé já wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Lónìí náà, òfin McKinney-Vento sọ pé ọmọ tí kò nílé lórí gbọ́dọ̀ wọ kíláàsì lójú ẹsẹ̀, bí kò tilẹ̀ ní ìwé kankan lọ́wọ́.

Ọjọ́ tí àkọsílẹ̀ yìí ń fi ìwúlò rẹ̀ hàn ni ọjọ́ tí àrùn bá dé. Kòkòrò èéyi lè wà nínú afẹ́fẹ́ yàrá fún wákàtí méjì lẹ́yìn tí aláìsàn ti jáde. Nígbà tó bẹ́ sílẹ̀ ní ìwọ̀ oòrùn Texas ní ọdún 2025, ó mú èèyàn tó lé ní 700 ní ìpínlẹ̀ náà, ọmọ méjì tó ti tó ilé ìwé lọ sì kú. Àwọn méjèèjì kò gba abẹ́rẹ́. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ lè sọ orúkọ ọmọ tí kò ní ààbò kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí wọ́n lè ní kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jókòó sílé fún ọjọ́ 21.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń palẹ̀ mọ́ láti kó ọmọ lọ, ẹ padà sí ilé ìwòsàn tí ọmọ ti gba abẹ́rẹ́ kí ẹ tó gbéra. Ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ oṣù ní lẹ́tà, kì í ṣe ní nọ́ńbà, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí i. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Bó bá sọnù, ọ̀rọ̀ ẹnu yín kò lè dípò rẹ̀: ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n á yẹ̀ wò fún àwọn àrùn kan, tàbí kí ọmọ tún abẹ́rẹ́ gbà, èyí tí kò léwu. Ẹ jọ̀ọ́, inú àpò kan náà pẹ̀lú ìwé ìrìnnà ni kí ẹ fi káàdì náà sí.