Adùn, Ìkorò àti Ìtọ́jú Àtọ̀gbẹ

Orúkọ tí àwọn Yorùbá fún àrùn yìí fi àkíyèsí wọn hàn. 'À-tọ̀-gbẹ' ni: aláìsàn a máa tọ̀ lemọ́lemọ́, ara rẹ̀ a sì máa gbẹ. Orúkọ kejì, ìtọ̀ ṣúgà, tọ́ka sí adùn inú ìtọ̀ náà. Lára orúkọ kejì yìí ni èrò kan rọ̀ mọ́: pé ohun dídùn ni ó ń fa àrùn náà, ohun kíkorò ni yóò sì wò ó.

Apá kìíní èrò yìí kò kún tó. Ẹ̀bà àti fùfú kò dùn bí oyin, síbẹ̀ ṣúgà ni wọ́n ń dà nínú ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí aláìsàn wo ìwọ̀n òkèlè rẹ̀, kí ó sì jẹ ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ dáadáa. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí kò tíì pọ́n sàn ju èyí tí ó pọ́n lọ.

Ní ti apá kejì, kì í ṣe ìkorò ni ó ń ṣiṣẹ́. Àwọn èròjà kan nínú ejìnrìn lè dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù, ṣùgbọ́n agbo inú ìkòkò kò ní òṣùwọ̀n kan pàtó. Ẹni tí ó bá mu ún pọ̀ mọ́ oògùn ilé ìwòsàn lè dákú bí ṣúgà rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ jù. Èyí tí ó burú jù ni ti ẹni tí ara rẹ̀ kò pèsè ínsúlínì mọ́, tí ó wá torí ewúro pa abẹ́rẹ́ tì. Kí aláìsàn àkọ́kọ́ tó gba abẹ́rẹ́ náà ní Toronto ní ọdún 1922, kò sí ewé tí ó gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ikú.

Ọbẹ̀ ni ipò ewúro. Kò lè rọ́pò abẹ́rẹ́. Agbo tí aláìsàn bá sì ń mu, kí ó má fi pamọ́ fún dókítà.