Àmì Kan Tí Ó Tó Irínwó Pọ́n-ùn

Ní ìpàdé tó kọjá, ọ̀pọ̀ yín bi wá pé kí ló dé tí a gbé kọ̀ǹpútà kan, tó ti pupa bí eyín ẹni tó ń jẹ obì, wá sí gbọ̀ngán. Ìdáhùn rẹ̀ nìyí.

Ní 1987 ni àwọn àgbà ẹgbẹ́ dáwó jọ, tí wọ́n lọ sí ìsọ̀ kan ní Powis Street, tí wọ́n ra Amstrad PCW 8256. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ ní Woolwich mọ òpópónà yẹn bí ẹni mowó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣí McDonald's àkọ́kọ́ ní gbogbo Bìrìtéènì ní 1974. Ibẹ̀ náà ni ilé sinimá Granada ti 1937 wà, tó di ilé bingo, tó sì ti di ṣọ́ọ̀ṣì báyìí. Wọn kì í tètè ju ohun àtijọ́ nù níbẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ Alan Sugar ló gbé PCW yìí jáde ní 1985. £399 ni wọ́n ń tà á, VAT sì tún wà lórí rẹ̀. Ohun tó mú kí àwọn èèyàn rọ́ lọ rà á ni pé gbogbo ẹ̀ ló wà pa pọ̀: ojú rẹ̀ tó ń tan iná aláwọ̀ ewé, kíbọọ̀dù, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, àti LocoScript tí a fi ń kọ̀wé. Kò sí pé ẹ ra èyí tán, kí ẹ tún padà lọ ra tọ̀hún. 1998 ni wọ́n tó ṣíwọ́ lórí àwọn PCW.

Ṣùgbọ́n ó ní ìwà tirẹ̀ o. Bí ẹ bá tàn án, ojú rẹ̀ á kàn mọ́lẹ̀ ni, á máa wò yín, àfi ìgbà tí ẹ bá ki dísìkì ìbẹ̀rẹ̀ bọ̀ ọ́. Dísìkì yẹn, ínǹṣì mẹ́ta ni, kì í ṣe ínǹṣì mẹ́ta àbọ̀ tí gbogbo ayé padà wá ń lò. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀, ara kọ̀ǹpútà náà ló ti ń gba iná, kò lè bá òmíràn ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá sì fẹ́ so ó mọ́ nǹkan mìíràn, ẹ gbọ́dọ̀ ra àpótí kékeré kan tí wọ́n ń pè ní CPS8256, kí ẹ fi há ẹ̀yìn rẹ̀.

Inú rẹ̀ ni ẹgbẹ́ ń kọ ìwé owó sí títí di 1996. Akọ̀wé wa ìgbà náà, tíṣà ló ti ṣe nílé, kò gbà kí ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde láìlámì. Á fa ìlà sábẹ́ e, o àti s, á tún fi àmì ohùn sí i. Ṣe la máa ń fi bàbá ṣe yẹ̀yẹ́.

Lọ́dún yìí, ọmọbìnrin kan wá bá wa. Ọmọ ẹgbẹ́ ni bàbá rẹ̀, ó sì ṣaláìsí ní 1993. Ọmọ náà rí káàdì àjọ bàbá nínú ẹrù ìyá rẹ̀, £640 ló wà lórí rẹ̀. Ó béèrè bóyá ẹgbẹ́ san án. Àwọn kan ní a ti san £400 nínú rẹ̀, pé ó ku £240. Àwọn mìíràn ní rárá, £400 yẹn kì í ṣe owó àjọ, ìrànlọ́wọ́ ni, tí a fi san owó ọkọ̀ òfúrufú nígbà tí ìyá sin òkú lọ sílé. Ìwé owó nìkan ló lè parí ẹjọ́ náà.

A gbé Amstrad sọ̀ kalẹ̀ láti àjà ilé kan ní Thamesmead. Bẹ́líìtì rọ́bà tó ń yí dísìkì ti yọ́ bí ọ̀dà, a pààrọ̀ rẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹni tó tọ́jú dísìkì ìbẹ̀rẹ̀. A wá CPS8256 rí, a fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tuntun, a sọ ìwé náà di lẹ́tà lásán kí kọ̀ǹpútà tuntun lè kà á, a sì fi í ránṣẹ́. Inú wa dùn. A wá ìlà náà, a rí i: “A fun iyawo re ni £400, owo oko re.”

Ẹ gbọ́ ná: owó ọkọ rẹ̀ ni, àbí owó ọkọ̀ rẹ̀? Bó bá jẹ́ ti ọkọ, a ti san lára àjọ. Bó bá jẹ́ ti ọkọ̀, àjọ ṣì wà lọ́wọ́ wa lódindi. Ẹnì kan tiẹ̀ ní ó lè jẹ́ owó oko, gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ìlà abẹ́ lẹ́tà àti àmì ohùn ti já sílẹ̀ lọ́nà, kọ̀ǹpútà tuntun kò gbé wọn dé.

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. A padà sídìí arúgbó. A ki dísìkì bọ̀ ọ́, a ṣí ìwé náà, àmì ìsàlẹ̀ sì wà lórí o kejì gbangba. Ọkọ̀ ni! A wá ríbọ́ọ̀nù, a tẹ̀ ẹ́ jáde lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀, kí gbogbo ìpàdé lè fojú ara wọn rí i. Ìdí tí ẹ fi rí i ní gbọ̀ngán nìyẹn. Ìpàdé fọwọ́ sí i pé kí a san £640 pé pérépéré fún ìyá. A mọ̀ pé £640 ọdún 1993 kì í ṣe £640 òde òní, ìgbìmọ̀ ṣì ń jíròrò iye tí a ó fi kún un.

Nítorí náà, a bẹ̀ yín, bí ẹ bá ń kó ilé, ẹ má ṣe ya kọ̀ǹpútà nípa sí dísìkì, wáyà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀. Bí ẹ bá da ìwé kọ sínú ẹ̀rọ tuntun, ẹ fi wé ti àtijọ́ lọ́rọ̀ lọ́rọ̀ kí ẹ tó sọ ti àtijọ́ nù. Ẹni tó bá sì ní dísìkì ínǹṣì mẹ́ta nílé, kí ó mú un wá sí ìpàdé, a ó bá a wò ó lọ́fẹ̀ẹ́.

Akọ̀wé wa àtijọ́, ẹ kú iṣẹ́ o, sà. A kò ní fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ wa parẹ́. Àmín.