Nígbà tí Nǹkan Oṣù bá Dúró, Kí Ní Ń Ṣe Apá Ìyá?

Ẹ̀yin ìyá wa, ọ̀rọ̀ yín ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ̀yin bàálé, ẹ bá wa gbọ́ ọ.

Ní Èjìgbò, ìlú tí oyè ọba rẹ̀, Ògìyán, ń mú ni rántí iyán, ó máa ń dun ìyá púpọ̀ bí apá rẹ̀ kò bá ká odó mọ́. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí kò kúrò nílé, mo sì gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí ó ti Àbíjáǹ bọ̀: “Láti ìgbà tí nǹkan oṣù mi ti dúró ni ọmọ odó ti di irin lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ ayé ni.” Òmíràn a ti náwó náwó kí ó tó dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn. Èmi kò rí ọwọ́ ayé níbẹ̀. Oje ara kan ni ó fà sẹ́yìn.

Estrogen ni orúkọ rẹ̀. Họ́mónù ni, èyí ni oje tí ara ń ṣe fúnra rẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń gbé kiri bí ẹni ń jíṣẹ́. Ní 1929 ni Butenandt ní Jámánì àti Doisy ní Amẹ́ríkà, olúkúlùkù lọ́tọ̀, yọ irú rẹ̀ kan sọ́tọ̀. Ilé ẹyin obìnrin ni púpọ̀ rẹ̀ ti ń wá, nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò pé ilé ọmọ àti ọmú nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́ fún. Ó ń jíṣẹ́ fún iṣan pẹ̀lú, àní ẹran ara tí ó so mọ́ egungun.

Bí ẹ bá gún iyán, fọ́nrán iṣan apá a máa ya díẹ̀díẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké kan sùn sí ẹ̀gbẹ́ fọ́nrán wọ̀nyí. Alexander Mauro ni ó ròyìn wọn ní 1961. Bí iṣan bá ya, wọn a jí, wọn a pọ̀ sí i, wọn a sì dà mọ́ ọn láti tún un ṣe. Èbù ni mo máa ń pè wọ́n, nítorí ara wọn ni iṣan tuntun ti ń hù, bí iṣu. Estrogen ní ń ṣọ́ èbù yìí kí ó má baà kú. Ní 2019, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bí a bá yọ ilé ẹyin abo eku, èbù inú iṣan rẹ̀ a dín kù. Wọ́n wo iṣan àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ń dúró lọ, wọ́n sì rí i pé bí estrogen ti ń relẹ̀ ni èbù náà ń relẹ̀. Láàárín ọdún 45 sí 55 ni èyí ń dé bá ọ̀pọ̀ obìnrin.

Ẹ má ṣe wá fi gbogbo iṣẹ́ agbára lé àwọn ọmọ lọ́wọ́. Iṣan tí kò ṣiṣẹ́ a tún rù sí i. Ó kéré tán, ọjọ́ 2 lọ́sẹ̀, ẹ gún nǹkan, ẹ gbé ẹrù tí agbára yín ká, ẹ máa dìde lórí àpótí láìfọwọ́ ti ilẹ̀. Ẹ jẹ ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja. Iyán nìkan kò tó. Ṣùgbọ́n àìlera tí ó dé lójijì, tí ó mú ẹ̀gbẹ́ kan ara, kì í ṣe ti estrogen. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀.

Oògùn estrogen wà. Dókítà a máa fún àwọn obìnrin kan lẹ́yìn àyẹ̀wò. Ní 2002, wọ́n dá ìwádìí ńlá kan dúró ní Amẹ́ríkà nítorí pé jẹjẹrẹ ọmú àti ẹ̀jẹ̀ dídì pọ̀ sí i lára àwọn tí ń lo estrogen pọ̀ mọ́ họ́mónù mìíràn. Nítorí náà, ẹ má rà á lọ́wọ́ ẹni tí ń kiri oògùn nínú ọkọ̀.