Èbúté Èkó àti Etíkun Rẹ̀: Ohun tí ó Yẹ kí Olùbẹ̀wò Mọ̀

Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kò jìnnà sí omi. Kí ọkọ̀ ilẹ̀ tó wọ́pọ̀, ọ̀nà ọ̀sà ni ọ̀pọ̀ ẹrù àwọn ará Ìjẹ̀bú ń gbà dé Èkó. Wọn a rù ú dé Ẹ̀pẹ́ tàbí Ẹ̀jìnrìn, wọn a sì kó o sínú ọkọ̀ ojú omi. Lóde òní, ẹni tí ó bá ti Ayépé lọ najú ní etíkun Èkó yóò rí ọkọ̀ ńláńlá tí ń ti inú òkun wọlé, yóò sì rí ògiri òkúta tí ó na ara rẹ̀ wọ inú omi. Ó yẹ kí irú olùbẹ̀wò bẹ́ẹ̀ mọ ìdí tí ògiri náà fi wà níbẹ̀, nítorí pé òun ni ó ṣí ọ̀nà fún ọrọ̀, òun náà ni ó sì sọ apá kan etíkun di ibi tí a ní láti máa ṣọ́ra.

Ẹnu Ọ̀nà tí Iyanrìn Dí

Omi òkun ní etíkun wa máa ń wọ́ iyanrìn láti ìhà ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìhà ìlà-oòrùn láìsinmi. Ní ibi tí ọ̀sà Èkó ti pàdé òkun, iyanrìn yìí a máa kó ara rẹ̀ jọ sábẹ́ omi, a sì sọ ẹnu ọ̀nà di ibi tí kò jìn. Ọkọ̀ òkun ńlá kò lè kọjá níbẹ̀ láìfi ìdí kanlẹ̀. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ẹrù tí ó ń bọ̀ wá sí Èkó ni wọ́n ń já sílẹ̀ ní Forcados, ní ẹnu odò Ọya, kí àwọn ọkọ̀ kéékèèké tó kó wọn wá sí Èkó. Bí àkókò ti ń ṣòfò ni owó ń ṣòfò.

Ògiri Òkúta Tí ó Ṣí Ọ̀nà

Láàrin ọdún 1908 sí 1912 ni iṣẹ́ ògiri òkúta náà gbóná. Àró ní Abẹ́òkúta ni wọ́n ti ń fọ́ òkúta, ọkọ̀ ojú irin ni ó sì ń kó o lọ sí Èkó. Ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀ kò ṣòro. Bí a bá fún ojú àgbàrá, ṣe ni omi rẹ̀ yóò yára, tí yóò sì gbẹ́ ilẹ̀. Bákan náà ni ògiri wọ̀nyí ṣe há omi ọ̀sà mọ́ra bí ó ti ń ṣàn jáde, kí agbára rẹ̀ lè máa gbá iyanrìn kúrò. Ọkọ̀ tí ń wa iyanrìn sì ń ràn án lọ́wọ́.

Nígbà tí ọ̀nà là, èbúté gbòòrò. Ní ọdún 1921 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Àpápá, ní ọdún 1926 ni wọ́n sì ṣí ibùdó ọkọ̀ mẹ́rin tí omi rẹ̀ jìn síbẹ̀. Ní ọdún 1975, ọkọ̀ tí ó kó sìmẹ́ńtì wá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn fi dúró lórí òkun tí wọ́n ń retí àyè. Ìdí nìyí tí wọ́n fi kọ́ èbúté Tin Can Island, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1977.

Gbèsè Tí Etíkun San

Àwọn àgbà a máa wí pé, ohun tí ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Iyanrìn tí ó ti ń rìn kọjá tẹ́lẹ̀ wá kọlu ògiri, ó sì dúró sí ìhà ìwọ̀-oòrùn, ilẹ̀ sì ń gbòòrò síbẹ̀. Ní ìhà ìlà-oòrùn, níbi tí Bar Beach wà ní Erékùṣù Victoria, iyanrìn tuntun kò dé mọ́, ṣùgbọ́n ìgbì kò dẹ́kun kíkó èyí tí ó wà nílẹ̀ lọ. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, òkun gba ilẹ̀ tí ó ju kìlómítà kan lọ níbẹ̀. Wọ́n da ọ̀pọ̀ iyanrìn síbẹ̀ ní ọdún 1974 sí 1975, àti ní ọdún 1985 sí 1986, òkun sì tún kó o lọ. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2012, ìgbì ya wọ etíkun Kuramo, ó sì gbé ènìyàn lọ. Ògiri òkúta ńlá mìíràn ni a ń lò láti dá òkun dúró, lẹ́yìn rẹ̀ ni a sì ti ń kọ́ ìlú Eko Atlantic sórí ilẹ̀ tí a gbà padà.

Bí Olùbẹ̀wò Yóò Ti Ṣe

Láti Marina, ènìyàn lè wo èbúté Àpápá ní òdìkejì omi láìsan owó. Inú èbúté fúnra rẹ̀ kì í ṣe ibi tí a ń wọ̀ láìgba àṣẹ. Tarkwa Bay, tí ó wà lábẹ́ ààbò ògiri ní ẹnu èbúté, ni omi rẹ̀ rọ̀ ju ti òkun gbangba lọ. Ọkọ̀ ojú omi ni a sì ń wọ̀ débẹ̀. Kí olúkúlùkù wọ ẹ̀wù tí ń mú ènìyàn léfòó kí ọkọ̀ tó ṣí. Kí àwọn òbí má ṣe jẹ́ kí ọmọ gun òkúta ògiri, nítorí pé ó ń yọ̀. Ní òkun gbangba, omi tí ó ń padà sẹ́yìn lè fa ẹni tí ó mọ ìwẹ̀ pàápàá lọ. Bí ó bá fa ènìyàn, kí ó má ṣe bá a jà. Kí ó lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ títí yóò fi bọ́ nínú rẹ̀, kí ó tó kọjú sí ilẹ̀.

Láti oṣù Kìíní ọdún 2023 ni a ti ṣí èbúté tuntun ní Lẹ́kí, tí ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ mú sún mọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Omi rẹ̀ jìn tó mítà mẹ́rìndínlógún àti ààbọ̀, ọkọ̀ tí ó tóbi ju ti Àpápá lọ sì lè gúnlẹ̀ níbẹ̀. Òun náà ní ògiri tirẹ̀ nínú òkun. Ẹ̀kọ́ tí Bar Beach kọ́ni ni pé kí a máa ṣọ́ etíkun tí ó wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀ láti ìsinsìnyí, kí omi tó dé ẹnu ilé àwọn apẹja.